Ta Ló Ta Ohùn Ìyá Mi Fún Yín?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì dá obìnrin yìí lẹ́jọ́. Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri Ẹgbẹ́dá ti bu iyọ̀ bu ata sí i débi pé ẹni tọ́rọ̀ kàn gan-an kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ibi tó ti jẹ̀bi àti ibi tí kò ti jẹ̀bi.

Ọdún 1994 ni. Mọ̀dínátù lọ ra òwú ìdirí lọ́jà Ìkòtún, ó sì ṣàdédé gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Ìyá tó ti kú ni mò ń sọ yìí. Ìyá tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́ fún ìsìnkú ní Ìgándò, tí erùpẹ̀ sàréè rẹ̀ kò tíì jìn. Ohùn náà ń jáde láti inú sípíkà ńlá kan níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ń dá orin, àwọn obìnrin ń gbè é. Ìyá máa ń fa ọ̀rọ̀ ìparí orin gùn, á wá já a lójijì bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn. Kò sí ẹlòmíì tó ń kọrin bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́.

Mọ̀dínátù wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń lù yìí?"

Zacchaeus ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì paraku ni, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì wáàsí ló ń bọ́ ọ jù. Ó mọ gbogbo alfa láti Ìdímù dé Àkówọnjọ lórúkọ, ó sì mọ èyí tó ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín àti èyí tó ń pa wọ́n lẹ́kún.

"Wáàsí tuntun ti Alfa Múrítàlá ni, àǹtí mi. Ọjà rẹ̀ ń yá gan-an. Ẹ mú kan, ẹ ò ní kábàámọ̀."

"Ta ni obìnrin tó ń kọrin yẹn?"

Zacchaeus gbé èjìká. "Obìnrin kan báyìí ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àsàlátù. Wáàsí lẹ fẹ́ gbọ́, àbí orin?"

Obìnrin kan báyìí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Mọ̀dínátù ní akínyẹmí ara. Ó fẹ́ sọ pé ìyá òun ni, ṣùgbọ́n owó ló nà sí i. Ó ra kásẹ́ẹ̀tì náà, ó gbàgbé òwú tó wá rà, ó sì gba ilé lọ.

Ibi tí wọ́n ti rí ohùn ìyá gbà kò ṣòro láti mọ̀. Sàbítíyù lorúkọ ìyá náà. Ọjọ́ ogbó ló kọ́ ilé kékeré kan sí Ìgándò, Alfa Múrítàlá ni wọ́n sì pè wá ṣe wáàsí lọ́jọ́ ìṣílé. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Bí alfa bá ti jókòó, ẹni tó bá ní téèpù á gbé e síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, á tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tó máa bi í pé kí lo fẹ́ fi ṣe. Ta ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run du ọmọnìkejì rẹ̀? Bí ọ̀fun alfa bá gbẹ, á ní kí àwọn ìyá gba òun. Ibẹ̀ ni Sàbítíyù ti máa ń dá orin tó fúnra rẹ̀ ronú kàn, kí alfa lè mu omi, kó nu ojú. Lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ń retí kí ọ̀fun alfa tún gbẹ.

Oúnjẹ tí wọ́n jẹ, jẹnẹrétọ̀ tó gbé iná, ọlá tí wọ́n bù fún alfa, àpò arúgbó ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Téèpù kún orí tábìlì, kò sì sí ti àwọn ọmọ onílé níbẹ̀. Àwọn ń gbé abọ́ oúnjẹ kiri. Nígbà tí ìyá kú, wọn kò ní ohùn rẹ̀ lọ́wọ́, àfi èyí tí Mọ̀dínátù fowó rà lọ́wọ́ Zacchaeus.

Onídìrí ni Mọ̀dínátù, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ẹgbẹ́dá. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló máa kọ́kọ́ fi sí téèpù. Á sáré wáàsí kọjá, á dúró síbi orin. Nígbà míì á di irun, omijé á máa kán sórí oníbàárà.

Nígbà tí àdúrà ogójì ọjọ́ ku díẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ṣàfíù ní kí wọ́n fi abọ́ oníke ṣe ohun ìrántí fún àwọn àlejò.

"Bùrọ̀dá mi, abọ́ ò lè sọ̀rọ̀," ni Mọ̀dínátù wí. "Èmi máa fún wọn ní ohùn Ìyá."

Ó gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ ní Ṣáṣá. Ọkùnrin náà yí páálí rẹ̀ wò, ó mi orí.

"Àǹtí, ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn yìí? Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dà á kọ. Òfin kópíráìtì ti le báyìí o, kì í ṣe bíi tàtijọ́."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹni tó ni ín ni."

"Èmi ni mo ni ín. Ṣáà bá mi dà á kọ, jàre."

Ó bá a dà á kọ. Mọ̀dínátù sì ní kí wọ́n tẹ páálí tuntun fún un. Ó yọ àwòrán Alfa Múrítàlá kúrò, ó fi ti ìyá rẹ̀ sí i. Ó yọ orúkọ Alfa náà kúrò pátápátá. Ohun tó ní kí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Wáàsí àti Orin Ilé Ìyá Sàbítíyù. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò sì ní bá a bò ó. Ohun tó ń dùn ún pé wọ́n ṣe fún ìyá rẹ̀ lòun náà ṣe fún Alfa.

Alfa Múrítàlá wà níbi àdúrà náà. Wọ́n fún un ní tirẹ̀ bí wọ́n ṣe fún gbogbo èèyàn. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn.

"Mọ̀dínátù, ṣé kì í ṣe ohùn mi ló wà nínú eléyìí?"

"Ó wà níbẹ̀, Alfa. Bí ẹ bá ti gbọ́ ti ìyá mi tán, ẹ máa kan tiyín."

Alfa rẹ́rìn-ín tí kò dénú, ó ti kásẹ́ẹ̀tì sínú àpò agbádá.

Ká ní Mọ̀dínátù dúró síbẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò rí gbà níbi àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ́kọ́ ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Oníbàárà kan wá fi owó sí i lọ́wọ́ tipátipá.

"Ẹ gbà á jàre, Ìyá Onídìrí. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa máa ra kásẹ́ẹ̀tì òfìfo fún gbogbo ayé ni?"

Ó gbà á. Owó náà dùn mọ́ ọn lọ́wọ́, irọ́ kò sí níbẹ̀. Kò pẹ́ tí kásẹ́ẹ̀tì fi wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòyà àti òwú, tí àwọn obìnrin ń ti Ìdímù wá rà á. Bí ọkàn rẹ̀ bá bá a wí, èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Bí Zacchaeus bá ń fi obìnrin kan báyìí jẹun, ṣé ọmọ obìnrin náà ni kò gbọdọ̀ jẹ níbẹ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n dé. Susanna, olùkọ́ kan, ló jókòó sílẹ̀ tó ń dirí, ó ku ìdajì orí. Zacchaeus ló ṣáájú wọlé, ọlọ́pàá kan tẹ̀lé e, obìnrin kan tó wọ gíláàsì sì wà lẹ́yìn wọn.

"Òun rèé!" Zacchaeus na ìka. "Òun ni páírétì yẹn! Ẹ wo ẹrù olè lórí tábìlì!"

Susanna gbé orí sókè. "Ta ló ń jẹ́ páírétì? Ẹ̀yin èèyàn yìí, irun ló ń bá mi dì o."

Obìnrin onígíláàsì náà kí wọn dáadáa. Ìyáàfin Ọláídé lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kò sì pariwo.

"Ẹ káàsán o. Ọ̀rọ̀ kópíráìtì la bá wá. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Èmi ni mo ni wọ́n, mà."

"Ta ló fún yín láṣẹ láti dà wọ́n kọ?"

"Ìyá mi ni."

"Ìyá yín dà?"

"Àwòrán wọn ló wà lára rẹ̀ yẹn. Wọ́n wà ní Ìgándò, nísàlẹ̀ ilẹ̀."

Èrò ti pé sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan ń ṣépè fún Zacchaeus, àwọn kan ní kí Mọ̀dínátù tètè bẹ̀bẹ̀. Ọlọ́pàá ń kó kásẹ́ẹ̀tì sínú àpò. Mọ̀dínátù rí i tí wọ́n ṣí téèpù rẹ̀, tí wọ́n yọ èyí tó wà nínú rẹ̀ náà.

"Ẹ kó gbogbo rẹ̀," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi. Ẹyọ kan péré."

"Ẹyọ wo?" Zacchaeus gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Iná la máa dá sun gbogbo rẹ̀!"

Òòyà ṣì wà lọ́wọ́ Mọ̀dínátù. Ó wo Zacchaeus lójú, ara rẹ̀ ń gbóná, ojú rẹ̀ sì gbẹ.

"Ẹ fẹ́ sun ìyá mi níná?"

Ìyáàfin Ọláídé ní kí wọ́n máa bọ̀ ní ọ́fíìsì. Susanna so gèlè mọ́ ìdajì orí tí wọ́n ti dì àti ìdajì tó rí wúruwùru, ó sì tẹ̀lé wọn. Ó ní òun kò lè fi ẹni tó ń bá òun dirí sílẹ̀ sọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Nígbà tí wọ́n máa fi dé ọ́fíìsì, wọ́n ti ránṣẹ́ pe Alfa Múrítàlá. Ṣàfíù náà sáré dé, òógùn bò ó.

"Mọ̀dí, kúnlẹ̀," ló wí kó tó jókòó rárá. "Kúnlẹ̀ fún Alfa kí ọ̀rọ̀ yìí lè tán. Ṣé ìjọba lo fẹ́ bá ṣẹjọ́ ni?"

Mọ̀dínátù kúnlẹ̀ níwájú Alfa. Ó kúnlẹ̀ tọkàntọkàn, kì í ṣe ti ojú ayé.

"Alfa, mo ṣẹ̀ yín. Mo da ohùn yín kọ, mo tà á, mo tún yọ orúkọ yín kúrò lórí rẹ̀. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ foríjì mí."

Alfa ti gbọ́wọ́ sókè láti ṣàdúrà fún un. Mọ̀dínátù dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀.

"Ó ti tán lọ́dọ̀ tèmi. Ó wá kù sọ́dọ̀ yín. Alfa, ta ló ta ohùn ìyá mi fún Ọ̀gá Zacchaeus?"

Ṣàfíù di orí mú. Zacchaeus bú sẹ́rìn-ín. "Mo ra wáàsí lọ́wọ́ Alfa, a sì jọ tọwọ́ bọ̀wé. Kí ló tún kù?"

"Wáàsí lẹ rà," Ìyáàfin Ọláídé dá sí i. "Ó sì tọ́ sí Alfa láti ta wáàsí rẹ̀. Obìnrin tó ń kọrin níbẹ̀ ńkọ́? Òfin tó ń gbèjà ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ń gbèjà ẹni tó kọrin. Ṣé òun náà tọwọ́ bọ̀wé?"

Alfa tún fìlà rẹ̀ dé. "Orin ẹ̀sìn ni, mọ́dàámù. Ti Ọlọ́run ni."

"Wáàsí yẹn ńkọ́, Alfa?" Mọ̀dínátù bi í. "Ṣé òun kì í ṣe ti Ọlọ́run ni?"

Ìyáàfin Ọláídé yíjú sí fèrèsé. Susanna ò tiẹ̀ bo ẹ̀rín tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìhà tó jókòó sí.

Ohùn Zacchaeus rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Mo jáwọ́ nínú ẹjọ́ tiyín. Màá sì wá nǹkan gidi fún yín, nǹkan tẹ́ ẹ máa fi tún ṣọ́ọ̀bù yín ṣe. Ẹ ṣáà gbà pé kí n máa ta orin ìyá lọ."

"Àlùhámúdùlílààhì!" Ṣàfíù pariwo. "Mọ̀dí, gbà, ó ti bùṣe."

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, ọ̀rọ̀ náà wọ Mọ̀dínátù lójú. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń jò. Ẹ̀rù kóòtù ń bà á, kò dé ibẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó dúró, ó rò ó, ó sì bi Zacchaeus ní ìbéèrè kan.

"Kí lorúkọ wọn?"

"Orúkọ ta ni?"

"Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ ra ohùn wọn."

Zacchaeus wo Alfa. Alfa wo ilẹ̀. Àwòrán arúgbó náà wà lórí tábìlì níwájú wọn, orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wò ó nínú wọn.

"Ìyá... Ìyá Ìgándò ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n," ni Zacchaeus wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ yọ ìyá mi kúrò níbẹ̀," ni Mọ̀dínátù dá a lóhùn. "Kí ẹ sì gbé mi lọ kóòtù lórí èyí tí mo ṣe."

"Ṣé orí rẹ pé ṣá?" Ṣàfíù figbe ta.

"Ó pé, bùrọ̀dá mi. Mo tà á láìgba àṣẹ, màá jẹ ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ní fi ìyà mi ra ìyá mi."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ní kóòtù, wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi, ó ní òun jẹ̀bi. Wọ́n ní kí ló fẹ́ sọ kí adájọ́ lè ṣàánú rẹ̀, ó ní òun kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó san owó ìtanràn, ó sì di irun títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú kó tó rí i san tán. Wọ́n ba gbogbo àdàkọ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀kan tó fowó ara rẹ̀ rà lọ́wọ́ Zacchaeus ni Ìyáàfin Ọláídé dá padà fún un.

"Ẹ máa gbọ́ ọ nílé," ló kìlọ̀ fún un. "Ẹ má dà á kọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì tà á."

"Mo ti gbọ́, mọ́dàámù."

Ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀yin tó ń yá kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ aládùúgbò láti lọ dà á kọ, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: kò sí ohùn tí kò lólóhùn, yálà orúkọ wà lára páálí tàbí kò sí. Àwọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní agídí ló pa obìnrin náà lára. Èmi ò gbà. Ó san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dé orí kọ́bọ̀, ẹ bi mí léèrè iye àwọn ọlọ́lá tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Zacchaeus náà pa àṣẹ tí Ìyáàfin Ọláídé pa fún un mọ́, ó yọ orin kúrò. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun jáde, ṣùgbọ́n ẹ ò bá wá gbọ́ ọ. Alfa á ní kí àwọn ìyá gba òun, orin kò ní dé. Á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á ha ọ̀fun, á sì máa bá wáàsí lọ. Àwọn tó rà á ń dá a padà. Wọ́n ní ó bàjẹ́ ni.

Ni Alfa Múrítàlá bá gba Ẹgbẹ́dá wá lọ́jọ́ kan. Mọ̀dínátù kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé àga fún un, ó sì padà sídìí irun tó ń dì.

"Mọ̀dínátù, ọmọ mi," ni Alfa wí, "wáàsí yẹn ò dùn mọ́."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, Alfa."

"Jẹ́ ká dá orin padà sí i. Má wo ti Zacchaeus, ti ìyá rẹ ni kí o rò. Ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá gbọ́ orin yẹn, láádá rẹ̀ ń lọ bá wọn nínú sàréè. Ṣé ìwọ ọmọ wọn lo máa dí i lọ́nà?"

Ọwọ́ Mọ̀dínátù dúró nínú irun. Nínú gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó dùn ún tó báyìí. Ó rò ó bóyá òótọ́ ni, bóyá òun ló ń fi òùngbẹ pa ìyá òun lábẹ́ ilẹ̀. Omi kún ojú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Alfa," ló wí, "nígbà tí Zacchaeus ra wáàsí lọ́wọ́ yín, ṣé láádá ló fi san án?"

Alfa fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ kọ orúkọ wọn sí i. Sàbítíyù. Kó tóbi bíi tiyín, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Bí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ máa tà á títí láé."

"Orúkọ obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, lára wáàsí?" Alfa dìde dúró. "Kí ni kí n sọ fún àwọn alfa ẹlẹgbẹ́ mi? Kò ṣeé ṣe, Mọ̀dínátù. Bèèrè nǹkan míì."

Mọ̀dínátù fa orí oníbàárà rẹ̀ mọ́ra, ó la irun rẹ̀ sí méjì, ó sì mú òwú.

"Mi ò ní nǹkan míì láti bèèrè. Ẹ máa ta ikọ́ yín lọ, Alfa."